Ǹjẹ́ ó yẹ kí a kọ "Àkísàtán" sí ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ wa?

Abiyamọ Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ohun tí ó bí i kì í ṣe ohun ẹ̀rín ní ilé wa.

Ilé-Ifẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ilésà ni ọkọ mi, ibẹ̀ náà sì ni ìyá rẹ̀ wà. Ọmọ méjì ni a ti bí ṣáájú èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Èkíní kò lò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Èkejì ti ń rìn kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí a bí ẹ̀kẹta, ọkùnrin, tí a sì pé jọ ní ọjọ́ kẹjọ, a ti fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, a ti sọ orúkọ tí èmi àti bàbá rẹ̀ mú, àwọn ènìyàn sì ti ń ju owó sínú abọ́ omi, kí ìyá ọkọ mi tó dìde tí ó ní orúkọ tí òun sọ ọmọ náà ni Àkísàtán. Àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe àmín. Èmi ni mo bú sẹ́kún.

Mo mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ. Ó ń sọ fún ikú pé àkísà tí a ó fi wé òkú ọmọ ti tán nínú ilé, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ni yóò gbé orúkọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òun ni yóò fi wá iṣẹ́, òun ni yóò sì máa ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, àti fún ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ rẹ̀, pé kì í ṣe pé àwọn òbí òun kórìíra òun. Ọkọ mi ní bí a kò bá kọ ọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìbí, ìyá òun yóò kà á sí àfojúdi, pàápàá jù lọ bí ohunkóhun bá wá ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọmọ náà pé ọjọ́ 43 lónìí. Òfin ọdún 1992 fún wa ní ọjọ́ 60 láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àyè àtirò kò sì pọ̀ mọ́. Kí ni ẹ rí sí i?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ilésà:

Ìyàwó wa, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú àmúmọ́ra ti àwọn tí ó ṣáájú. Ọlọ́run yóò dá èyí sí fún wa.

Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilésà àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí i ká, àràárọ̀ sì ni mo ń pe orúkọ láti inú ìwé. Mo lè sọ fún yín pé orúkọ tí ó ń fìyà jẹ ọmọ kì í sábà jẹ́ èyí tí ẹ ń bẹ̀rù.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ àbíkú kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kúkọ̀yí, gbogbo wọn lè wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo, àwọn ọmọ yòókù kò sì ní wẹ̀yìn wò, nítorí pé ilé tí kò tíì sin ọmọ rí kò pọ̀ nígbà náà. Ajá wà níbẹ̀. Ààtàn náà wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Málọmọ́ àti Dúrósinmí, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Tìjúikú, ìbáwí ni. Ajá àti Ààtàn, ẹ̀tàn ni, kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ní ọ̀run lè gbọ́ ọ kí wọ́n sì rò pé ohun tí a jù nù ni, kò yẹ ní mímú lọ. Àkísàtán tí ìyá wa sọ yìí àti Kòsọ́kọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ikú ni wọ́n dojú kọ tààrà: ọ̀kan ní aṣọ ìsìnkú ti tán, èkejì ní kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ láìfi àmì sí i ni wàhálà dé. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Kòsọ́kọ́. Nínú ìwé, lẹ́tà mẹ́fà gbẹrẹfu ni wọ́n kọ, kò sí àmì ohùn, kò sí ìlà lábẹ́ ẹyọ kan. Olùkọ́ tuntun kan tí kò mọ ìdílé wọn pe orúkọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti gòkè. Ọkọ́ di ọkọ. Láti ọjọ́ náà títí ọmọ yẹn fi jáde ìwé mẹ́fà, "Kò-sí-ọkọ" ni wọ́n ń pe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí èyí sú wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń rìn lọ sí oko. Bàbá ńlá rẹ̀ bá ikú fa ọ̀rọ̀, ó sì borí, àwọn ọmọ ọmọ ẹlòmíràn wá ń fi ìṣẹ́gun náà bú ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀, orúkọ tí ó ṣe mí láàánú jù lọ kò ní ikú nínú rárá. Ní ọdún 1973 tí ìjọba fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn, bàbá kan ní àdúgbò wa sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Náírà, nítorí pé owó tuntun náà ń dán, ó sì níyì lọ́wọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ náà títí di ọdún 1986 tí owó wa bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀. Ó ti wà ní girama nígbà náà, àbúrò rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ mi ni ó sọ fún mi pé ní ẹnu géètì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń dúró dè é láti bi í pé, "Èló ni ọ́ lónìí?" Ní ọdún 1991 nígbà ogun Kùwéètì, a tún rí ẹnìkan tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Saddam. Bàbá náà kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì mọ ibi tí Ìráàkì wà. Rédíò ni ó gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn létí.

Àwọn ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru orúkọ àjèjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ilésà tiwa yìí, ìdílé ọba kan ń jẹ́ Haastrup láti ìgbà Ọwá Ajímọ́kọ Kìíní ní ìparí sẹ́ńtúrì 19, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín. Ìtàn ni a mọ̀ mọ́ orúkọ náà. Orúkọ tí a ti já ìtàn rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni ó ń di ẹrù, ìwé ìjọba kì í sì í kọ ìtàn mọ́ orúkọ.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí ẹ má kọ ọ́. Kí ìyá wa máa pè é, kí gbogbo ilé máa pè é. Ayé àwọn bàbá wa, orúkọ àbísọ wà, oríkì wà, àlàjẹ́ wà, kò sì sí akọ̀wé kankan tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú ìlà kan.

Ọmọ Igbẹ́kọ̀yí:

Bàbá Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ o. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín lórí àmì, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ náà fọhùn.

Igbẹ́kọ̀yí ni wọ́n sọ mí. Ní ayé àtijọ́, wọn kì í sin àbíkú sí ilé bí wọ́n ti ń sin àgbà; inú igbẹ́, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní igbó, ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí ó ń jẹ́ Igbẹ́kọ̀yí ni ọmọ tí igbẹ́ wò, tí ó ní òun kò gbà. Ẹ wá yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tí igbẹ́ dà, n kò ní láti kọ ọ́ síbí. Láti ìwé kìíní dé ìwé kẹrin, n kò ní orúkọ mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn kan sì máa ń di imú bí mo bá ń kọjá.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún 19, mo lọ sí kóòtù, mo búra, mo sì gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn pé n kò jẹ́ orúkọ náà mọ́. Ìyà tí orúkọ náà kò fi jẹ mí ni pípààrọ̀ rẹ̀ wá fi jẹ mí. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́fà ní Igbẹ́kọ̀yí, èsì ìdánwò girama ní òmíràn, báńkì kan kọ méjèèjì pọ̀ ó sì ṣi lẹ́tà méjì kọ, nígbà tí a sì ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ ní àwọn ènìyàn mẹ́ta ni èmi nìkan. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi orúkọ náà pa mí lẹ́kún. Yíyí i padà ti gba ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ìyàwó wa pé ohun yòówù tí ẹ bá kọ, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì rí i pé bákan náà ni ó rí nínú gbogbo ìwé.

Ọ̀rọ̀ mi kejì le láti sọ. Ọdún tí bàbá mi kú ni mo tó gbọ́ iye. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ fún mi pé ọmọ mẹ́rin ni igbẹ́ gbà kí ó tó kọ̀ mí. Ó ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bínú sí bàbá mi, n kò sì mọ̀ pé orúkọ mi nìkan ni ibi tí ó ti lè dárúkọ àwọn mẹ́rin yẹn láìfọhùn. Ilé iṣẹ́ káfíńtà ni mo ní ní Sábó báyìí, mo sì ti kọ ọ́ padà sí ara pátákó, tàmì-tàmì, pẹ̀lú ìlà lábẹ́ ẹ. Oníbàárà tí ó bá bi mí, mo máa ń ṣàlàyé. Èyí tí kò bá bi mí, n kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ti Kòsọ́kọ́, ọba jẹ́ orúkọ náà ní Èkó láti 1845 sí 1851. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó lé e kúrò lórí oyè, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Èmi yóò kọ ọ́, ní ipò kẹta, kí ọmọ lè fi í pa mọ́ nígbà tí ó bá wù ú, kí ó sì rí i nígbà tí ó bá wá a.

Ará Ifẹ̀ ní Jámánì:

Níbi tí mo wà yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ lè kọ̀ láti gba orúkọ tí ó bá rí i pé yóò pa ọmọ lára. Ẹsẹ̀ ni ọmọ mi kejì fi wáyé, nítorí náà mo pè é ní Ìgè. Obìnrin tí ó jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì bi mí bóyá orúkọ ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin. Mo ní ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ni. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti rò ó pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá gbà wá lọ́wọ́ àwọn òbí kan nílé. Ní New Zealand, ní ọdún 2008, adájọ́ kan ní láti fi ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sábẹ́ ìtọ́jú kóòtù kí wọ́n lè yí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí pé "Talula Does The Hula From Hawaii" ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́: ọmọ tí a fi gbogbo gbólóhùn nípa ijó jíjó sọ lórúkọ! Ní ilẹ̀ Faransé, kóòtù kò gbà kí a pe ọmọ kan ní Nutella, ohun tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, wọ́n sì ní kí ó máa jẹ́ Ella. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ Àkísàtán, wọn kò jọra rárá. Àwọn òbí yẹn ń ṣeré. Ìyá àgbà tí ó dìde ní Ilésà kò ṣeré.

Èyí tí ó jọ ti yín díẹ̀ ni ti Ima Hogg, ọmọ gómìnà ìpínlẹ̀ Texas kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1882. Inú ewì tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kọ ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ó sì níyì lójú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe orúkọ àti orúkọ bàbá pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, "ẹlẹ́dẹ̀ ni mí" ni yóò bọ́ sétí ẹni tí ń gbọ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi ń kọ orúkọ àkọ́kọ́ náà wúruwùru kí ẹnikẹ́ni má bàa lè kà á. Ó gbé títí di 1975, ó sì fi ilé rẹ̀ àti àwọn ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò fi ibi rò ó. Etí ẹlòmíràn ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Èṣùbíyìí ní ilé wa, tí wọ́n sọ ọ́ di Olúbíyìí nítorí pé Bíbélì Yorùbá ti sọ Èṣù di Sátánì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, n kò sì rí ẹni tí ó béèrè ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìyá ọmọ, ǹjẹ́ ẹ̀yin àti ọkọ yín mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní, bóyá AA tàbí AS? N kò sọ pé ohun tí ó mú àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ nìyẹn, nítorí pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti òtútù àyà náà ń pa ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ti ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ láti ìran dé ìran, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí AS bá pàdé AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́rin ni kí ẹ pín in sí: ọ̀kan lè jẹ́ SS, èyí tí í ṣe àrùn náà gan-an. Bí a bá tètè mọ̀, oògùn wà tí à ń fún ọmọ láti kékeré kí kòkòrò àrùn má bàa tètè gbé e ṣánlẹ̀, a ó sì máa dènà ibà fún un.

Bí ẹ bá dé Ilésà, ẹ rọra bi ìyá ọkọ yín bóyá òun náà sin ọmọ rí. Èmi a máa ka orúkọ àbíkú bí ìgbà tí mo bá ń ka káàdì aláìsàn. Ohun tí ilé kò lè sọ lẹ́nu wà nínú rẹ̀.

Abiyamọ Ilé-Ifẹ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A lọ sí Ilésà ní ọjọ́ Sátidé, èmi, ọkọ mi, àti ọmọ lẹ́yìn mi.

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi, pé n kò kórìíra orúkọ tí Yèyé sọ ọmọ, pé bí yóò ti rí nínú ìwé ni ó ń dẹ́rù bà mí. Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni ó ní kí ẹ lọ kọ ọ́ sí ìwé?" Ó ní ẹni tí òun fẹ́ kí ó gbọ́ orúkọ náà ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí òun pè é, ìwé kankan kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì ní kí n bi í. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Mẹ́ta ni, kí ó tó bí ọkọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé Bánjókòó ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ mi nílé, tí kò sì sí nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kankan. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá a lọ sí Ilésà, tí mo ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń pè é ní "Jókòó, Jókòó" bí a bá ti wọlé, mo sì rò pé àga ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́. Ọkọ mi ní òun rò pé mo mọ̀. Ó ní nígbà ti òun, kì í ṣe gbogbo orúkọ ni wọ́n ń kọ sí ìwé, òun sì rò pé nísinsìnyí tí gbogbo nǹkan ti di ti ìwé, ìyá òun yóò fẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

A forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní àárọ̀ àná, pẹ̀lú orúkọ méjì tí a ti mú tẹ́lẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ Igbẹ́kọ̀yí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo rò ó gidigidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kò ní àmì ohùn. Inú ìwé àkọsílẹ̀ tí mo fi ń tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni mo kọ Àkísàtán sí, tàmì-tàmì, mo sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni èsì yóò jáde.